Bí a ṣe ń kó ẹbí lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ n'Ìbàdàn, láti ìgbà ọyẹ́ títí dé àrọ̀kúrò òjò

Ní ọjọ́ kejì Kérésì, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ wa kejì sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan nígboro Ìbàdàn. Ogún ìṣẹ́jú gbáko la fi wá a. Èrò ti pọ̀ débi pé a ò rí koríko tí a torí ẹ̀ wá. Nídìí obìnrin kan tó ń ta gúgúrú la ti bá a, ó ń jẹ gúgúrú ọ̀fẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wá òun. Èmi ni mo sunkún, òun kọ́.

Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi, tó ti yarí pé òun ò bá wa lọ, wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó mi, ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ tí gbogbo ayé ń jáde lẹ gbọ́dọ̀ jáde?" N ò rí èsì fọ̀. Ọmọ oko ni Màámi, apá Akínyẹlé ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, wọn kì í wo kàlẹ́ńdà kí wọ́n tó mọ ohun tí ọjọ́ fẹ́ ṣe. Wọ́n kàn máa ń yọjú síta, wọ́n á wòkè, wọ́n á ní, "Ẹ má tíì sá aṣọ yẹn." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jẹ́ kí ojú ọjọ́ yan ìgbà tí a ó jáde fún wa, kì í ṣe ọdún.

Torí ọdún ò mọ ojú ọjọ́. Ẹ wo Iléyá: òṣùpá ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà lọ́dọọdún ló ń fi bí ọjọ́ 11 yára dé ju ti èṣí lọ. Ní ọdún 2015, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ló bọ́ sí, nígbà tí ilẹ̀ rin gbingbin. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni. Ẹni tó bá ní "Iléyá la máa ń jáde" á kan òjò, á kan oòrùn, á kan ọyẹ́ kó tó darúgbó. Kérésì ní tirẹ̀, inú ọyẹ́ ló ń bọ́ sí nígbà gbogbo. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, bọ́ sáàárín ìgbà tí òjò alátẹ́gùn ń jà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ọgbà kan, kí ẹ sọ ọ́ di tiyín, kí ẹ lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín ọdún. Wákàtí tí ẹ ó lọ àti ibi tí ẹ ó tẹ́ ẹní sí ni yóò máa yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ọgbà, kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ ṣe amí

Tiwa ni Ọgbà Agodi. Ojú ọ̀nà Parliament Road ló wà, kò jìnnà sí Sẹkitéríàtì. Bí ẹ bá sọ Total Garden fún onímáíkírà, ó máa já yín sítòsí. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó lẹ́ranko, ó nígi. Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 wá gbá ẹranko ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí igbó ti bo ibẹ̀ ni ìjọba tó tún un ṣe, tí ó fi di ohun tí à ń rí lónìí: adágún omi, ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹranko díẹ̀, jáńgílófà, àti koríko tó gba ẹní tó pọ̀. Odò Ògùnpa yẹn kan náà ni wọ́n sé tó di adágún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó tún padà síbẹ̀ tí a bá dé oṣù Kẹjọ.

Bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ràn ẹranko ju koríko lọ, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1948 ni àwọn onímọ̀ ẹranko ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbẹ̀ ni pé aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń dé, wọ́n á bá kìnnìún tó nà gbalaja, àwọn ọmọ á ní kò sí nǹkan tí àwọn rí. Àárọ̀ ni ẹranko ń rìn, àti ìrọ̀lẹ́. Oorun ni wọ́n ń fi ọ̀sán sùn, bíi gbogbo ẹni tó gbọ́n.

Igbó IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà fún ẹbí tí ọmọ wọn ti tó bí ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n lè dákẹ́ rìn. Ilẹ̀ àjọ náà tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà, igbó sì bo nǹkan bí 350 níbẹ̀. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa sọ, Ibadan malimbe, dúdú pẹ̀lú pupa lórí àti láyà, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ló ti dàgbà tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ ò lè kàn yọjú síbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kí ẹ gba àyè.

Ní ti Láyípo lórí Òkè Aárẹ̀, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, ẹ jẹ́ kó dúró de ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. N ó sọ ìgbà náà.

Kí ẹ tó kó ọmọ lọ síbikíbi, kí ẹnì kan nínú yín ti dá lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Nǹkan mẹ́rin ni kó wò. Ṣé òjìji tó wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣì wà ní aago mẹ́ta? (Òjìji ń rìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi rí mọ̀ pé kò pẹ́ tí oòrùn fi ń bá èèyàn níbẹ̀.) Òrùlé gidi wo ló súnmọ́ ibi tí ẹ fẹ́ jókòó sí, kì í ṣe tapólì tí atẹ́gùn lè ká lọ? Ṣé omi wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀? Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe lè sáré dé etí omi tó? Kó béèrè iye owó ìwọlé, àti bóyá wọ́n ń gba kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé, nítorí gbogbo rẹ̀ ló ń yí padà, àwọn ibòmíràn sì máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn ní géètì. Ìtìjú kékeré kọ́ ni kí wọ́n dá kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù padà lójú ọmọ ẹni.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpò tí kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Àpò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa tí a kì í tú. Ẹní ọ̀rá tó fẹ̀, ìró àlòkù méjì, ọṣẹ kékeré, ìgò omi fún ọwọ́ fífọ̀, tíṣù, ọ̀rá dúdú mẹ́ta fún ìdọ̀tí àti aṣọ tútù, aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, báńdéèjì àti oògùn apakòkòrò fún ojú ọgbẹ́. Èyí dúró títí ọdún. Ohun tí à ń fi kún un ló ń tẹ̀ lé ìgbà: òrí nígbà ọyẹ́, fìlà àti omi ìlọ́po méjì nígbà ooru, aṣọ òjò nígbà òjò. Agboòjò ò wúlò fún ẹni tó gbé ọmọ dání, mo ti dán an wò.

Oúnjẹ: ẹ má fi ìyẹn pa ara yín. Mọ́ínmọ́ín elewé, dùńdún, ẹyin sísè, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó lọ́bẹ̀ tàbí mílíìkì nínú kì í bá oòrùn ṣeré. Oúnjẹ sísè tó bá ti kúrò lórí iná kò yẹ kó lò ju wákàtí méjì lọ kí ẹ tó jẹ ẹ́, àfi tí fúláàsì yín bá ń gbé ooru dúró dáadáa. Nígbà tí ooru bá mú gan-an, wákàtí kan ti tó. Èso ìgbà náà ni kí ẹ fi parí rẹ̀, n ó máa dárúkọ rẹ̀ bí a ti ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ní géètì

Èyí ò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n a kì í fò ó láti ọjọ́ gúgúrú yẹn. Ẹ to àwọn ọmọ sójú kan, kí ẹ fi fóònù ya wọ́n pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù sí apá wọn, ní inú, kí ẹni tó ń kọjá má máa kà á. Ẹ fi ibì kan hàn wọ́n: "Tí o ò bá rí wa, ibí ni kó o dúró sí. Má wá wa. Àwa la ó wá ọ." Ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ àti ìyá tó ń wá ọmọ máa ń kọjá lára wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Aṣọ aláwọ̀ kan náà tún dáa. Ìyókù àǹkárá tí a fi ṣe àsè kan ni a rán fún tiwa, òféfèé pẹ̀lú ìyeyè. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí wọn láti òkèèrè á rí wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín àgbà sí ìdí ọmọ. Orúkọ pẹ̀lú orúkọ ni o: "Ìwọ lo ni èyí, èmi ni mo ni èyí." Ibi tí gbogbo èèyàn bá ti ń wo ọmọ, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Létí omi pàápàá, kí àgbà tó ni ọmọ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ náà, kó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Wàyí o, àwọn ìgbà.

Ọyẹ́

Láti ìparí oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá títí wọ inú oṣù Kejì. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń kó eruku wá bá wa, ètè á là, gìgísẹ̀ á là, ọmọ á máa dẹ́jẹ̀ nímú. Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí pé ojú ọjọ́ tutù, ìdájí ló dáa láti jáde. Rárá. Ní oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ n'Ìbàdàn títí di nǹkan bí aago méje, òtútù àti ìkùukùu sì wà nílẹ̀ títí di mẹ́sàn-án. Ẹ kúrò nílé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, kí ẹ padà ní aago kan ọ̀sán kí oòrùn tó le. Àwọn ọmọ á wọ súwẹ́tà lọ, wọ́n á bọ́ ọ lórí ẹní. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àpò.

Ẹ fi òrí pa wọ́n lára kí ẹ tó jáde, ètè, orúnkún, igbá imú. Ẹ máa fún wọn lómi bí wọn ò tilẹ̀ béèrè, torí òtútù kì í jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọmọ tó bá ní ikọ́ẹ́fe, kí ohun tó ń fà símú wà lápò ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Bí eruku bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò fi rí òkè tí ẹ máa ń rí láti ẹnu ọ̀nà yín, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ti ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ẹbí wa, ọ̀kan wà. Òtútù, omi tútù, àárẹ̀ àti àìmomi tó ni ohun tó máa ń gbé ìrora egungun dìde. Nítorí náà, kò sí ìlúwẹ̀ẹ́ fún un nígbà ọyẹ́, bó ti wù kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa yọ̀ nínú omi. A máa ń wá nǹkan mìíràn fún òun àti ẹnì kan nínú wọn láti jọ ṣe, kó má bàa dà bí ìjìyà: wọ́n a lọ ka lékèélékèé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ẹyẹ funfun yìí pọ̀ lórí koríko, kí òjò tó dé wọ́n á ti kọrí sí òkè Ọya. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ pé wọ́n lè na ìka sí i kó bá wọn sọ èékánná di funfun. Màámi ló kọ́ wọn. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló dìde tó ń na ìka, àgbàlagbà pẹ̀lú.

Èso: ọsàn ṣì pọ̀, àgbálùmọ̀ ti ń dé. Ẹ kó ọ̀rá fún kóro rẹ̀.

Ooru

Oṣù Kejì sí ìdajì oṣù Kẹta. Ọyẹ́ ti lọ, òjò ò tíì dé, ìgbà yìí ló gbóná jù lọ́dún. Ọ̀sán máa ń kọjá 33 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Bí ẹ bá lè fò ó, ẹ fò ó. Bí ẹ ò bá lè fò ó, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dé. Oòrùn ò wọ̀ títí di nǹkan bí aago méje kù ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìgbà yìí, ẹ ó ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ìgbà ìlúwẹ̀ẹ́ nìyí. Ewé tíìkì ti wọ́ sílẹ̀, ọmọ á fẹ́ sá wọ inú rẹ̀ kó lè máa dún gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ fi igi gbá a wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, nítorí ejò fẹ́ràn ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n gbá lórí ilẹ̀ tó ṣófo.

Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò làágùn mọ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò já geere: ẹ gbé e sí òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi rin ín lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì ti máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró wò bóyá á lọ.

Àkọ́rọ̀

Òjò àkọ́rọ̀ kì í yọ́ wá. Láti ìdajì oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún, ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀. Òun ló ń ṣí páànù, òun ló ń wó igi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ gbòǹgbò rẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ìgbà yìí, òórùn ilẹ̀ nìkan tó ohun tí èèyàn torí ẹ̀ san owó. Máńgòrò pọ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, èsúnsún á tú jáde, àwọn ọmọ á máa lé e. Màámi ní ìgbà tí àwọn wà lọ́mọdé, jíjẹ ni àwọn ń jẹ ẹ́, kì í ṣe eré. Wọ́n tún bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni pé igbó tí àwọn fi gbogbo ìgbà èwe sá fún la tún ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ ká wọ̀.

Òjò àkókò yìí sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn ti din ilẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, aago mẹ́jọ sí méjìlá. Ìlà-oòrùn ni ìjì rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ẹ jókòó kí ojú yín kọ sí ìlà-oòrùn. Tí ẹ bá wà l'Ágodi, ọwọ́ Ìwó Road nìyẹn. Bí ojú sánmà bá dúdú láti ibẹ̀, ẹ má sọ pé ó ṣì jìnnà. Atẹ́gùn tútù tó bá ṣàdédé fẹ́ lu yín lẹ́yìn ooru ni ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí òjò tó balẹ̀. Ẹ ti kó ẹní nígbà náà.

Ní ti mọ̀nàmọ́ná, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa lọ́mọdé pé ká sá sábẹ́ igi ló burú jù. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ jáde nínú omi, ẹ wọ inú ilé tó ní ògiri tàbí inú ọkọ̀ tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nínú ọkọ̀ gùn o. Ẹ máa pa àlọ́. Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí eji bá rí leji ń pa, ṣùgbọ́n àrá kì í ṣe ohun tí a ń fi yẹ̀yẹ́.

Òjò gangan, àti oṣù Kẹjọ tí mo fẹ́ràn jù

Oṣù Kẹfà àti Keje jẹ́ ìgbà òjò ńlá. Koríko rẹ̀, ìgbín jáde, àgbàdo wà káàkiri. Ẹni tó ń ta àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn létí ọ̀nà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ oúnjẹ yín. Tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ dúró títí di aago mẹ́wàá kí ilẹ̀ lè gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹní, ìjàlọ máa ń tò kọjá nígbà yìí. Bí wọ́n bá gun ọmọ, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kíákíá, ẹ fi ọwọ́ yọ wọ́n. Omi ò ní lé wọn. Oòrùn máa ń wọ̀ ní aago méje ní oṣù Kẹfà, ẹ ò nílò láti kánjú.

Ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa àwọn ọmọ lára, kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn ní ìrọ̀lẹ́. Ibà kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀fọn jẹ ọmọ. Ó sábà máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ara ọmọ bá gbóná lọ́sẹ̀ kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn.

Lẹ́yìn náà ni òjò á sinmi díẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní August break. Ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ wà ní ọlidé ńlá. Oòrùn ò mú, sánmà ṣú díẹ̀ títí di alẹ́, òjò winniwinni lè ta sí èèyàn lára kó dáwọ́ dúró. Ooru ọ̀sán kì í ju nǹkan bí 28 lọ, òun ló kéré jù lọ́dún. Ẹ lè jókòó láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́rin, kí ọmọ jòjòló sùn lórí ẹní láìwá òjìji. Kò sérò. Gbogbo èèyàn rò pé ìgbà òjò ni, wọ́n wà nílé. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ lọ ní oṣù Kẹjọ, Màámi fúnra wọn ló ní ká má tíì padà sílé.

Ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn kì í ṣe àdéhùn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, ni omíyalé Ògùnpa tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣẹlẹ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó bá a lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya ìlú, ẹ̀mí tún lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, èmi kì í tẹ́ ẹní sétí adágún mọ́; apá òkè ọgbà là ń jókòó sí, ẹni tó ń wakọ̀ á sì ti mọ ọ̀nà méjì padà sílé, èyí tó kọjá lórí afárá àti èyí tí kò kọjá lórí rẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn kọjá lójú títì, ẹ má wọ̀ ọ́. Omi tó tó orúnkún lè gbé ọkọ̀ kékeré, máíkírà tí ẹ sì wà nínú rẹ̀ fúyẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ yà sí ilé epo, ẹ jẹ ìyókù dùńdún, kí omi fà.

Àrọ̀kúrò

Oṣù Kẹsàn-án ṣì jẹ́ òjò líle, ilé-ìwé sì ti fẹ́ wọlé, a kì í sábà lọ. Oṣù Kẹwàá ni tiwa. Òjò ń rọ̀ kúrò, àrá ń sán bí ẹni ń jà, nítorí náà òfin àárọ̀ àti òfin ìlà-oòrùn tí mo sọ nípa àkọ́rọ̀ tún padà bọ̀ sípò. Ohun gbogbo tutù yọ̀yọ̀, labalábá pọ̀, eruku ò tíì sí lójú ọ̀run. Ìgbà Láyípo nìyí! Ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́yìn òjò àárọ̀, ẹ ó rí gbogbo páànù Ìbàdàn láti òkè dé òkè, àwọn tó ti dípẹtà àti àwọn tuntun, Mápó níbẹ̀, Ilé Kòkó lọ́hùn-ún. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, ó sì ń yípo, nítorí náà Màámi jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn wa, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ má rò ó pé ẹ gbọ́dọ̀ fa àgbàlagbà lọ sókè.

Oṣù Kọkànlá rọrùn jù ju gbogbo ìyókù lọ, yàtọ̀ sí ohun kan: ilẹ̀ ń tètè ṣú. Oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 22, ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹfà á ṣì í. Ní aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ẹ ka ọmọ, ẹ ka bàtà, ẹ kó ọ̀rá ìdọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ ó wọ̀, ẹ dé ẹ̀gbẹ́ títì kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ máíkírà á gbé yín ní iye tó bá wù ú.

Ohun kan kù. Àrọ̀kúrò ni ìgbà èèmọ́. Tí wọ́n bá ti sáré nínú koríko gíga, gbogbo ìbọ̀sẹ̀, etí ṣòkòtò àti ìró ni èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́. Ẹ má kó o sínú omi bẹ́ẹ̀, á wọ inú aṣọ lọ tán, á sì máa gún yín títí dé Kérésì. Ẹ fi ìdí ṣíbí há a kúrò nígbà tó ṣì gbẹ. Nínú ọkọ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀: a tan iná inú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fà mọ́ ìró Màámi, wọ́n á máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa kà á. Ibi tí wọ́n kà á dé kẹ́yìn ni mọ́kàndínlógójì, àbígbẹ̀yìn wá da gbogbo rẹ̀ padà sórí ìró náà.